Ẹ̀rọ Méjì Tí Kò Gbọ́ Ara Wọn: Àléébù Tàbí Ẹ̀bi?

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n àfin, ilé ẹjọ́ àti àárín lọ́kọláya ni a ti máa ń lò ó jù. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ibòmíràn tí òwe náà ti wúlò, èyí ni ìgbà tí a bá fi wáyà kan ṣoṣo so kọ̀ǹpútà méjì pọ̀, tí àwọn méjèèjì kò sì gbọ́ ara wọn. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ẹ̀rọ lásán. Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ jẹ mọ́ ìmọ̀ àti ìwà: nígbà tí ìbánisọ̀rọ̀ bá dàrú láàárín ẹni méjì, ta ni ó jẹ̀bi? Ǹjẹ́ ó tilẹ̀ pọn dandan kí ẹnìkan jẹ̀bi?

Èdè Yorùbá ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí ó yẹ kí a dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkínní ni àléébù, èyí tí í ṣe ohun tí kò tọ́ lára nǹkan. Èkejì ni ẹ̀bi, èyí tí a ń dá fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi tàbí tó kọ ojúṣe rẹ̀ sílẹ̀. Ìkòkò tó ń jò ní àléébù, kò jẹ̀bi. Ẹni tó mọ̀ pé ó ń jò, tó sì tà á fún aláìmọ̀kan, ni ó jẹ̀bi. Èrò tí àròkọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé àléébù ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá, kí a sì bẹ̀rẹ̀ wíwá rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara wa, kí a tó dárúkọ ẹ̀bi rárá. Ẹni tó bá yí ètò yìí po yóò fìyà jẹ aláìṣẹ̀.

Àpẹẹrẹ Kan Láti Sibang

Sibang jẹ́ àdúgbò kan ní Libreville, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gabon. Ibẹ̀ ni ọgbà igi tí wọ́n gbìn fún ìwádìí ìmọ̀ nípa igbó wà láti ìgbà ìjọba àwọn Faransé. Bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá etí òkun ní Áfíríkà, àwọn ọmọ Yorùbá ń gbé Libreville, wọ́n sì ń ṣòwò níbẹ̀. Àwọn kan wá láti Nàìjíríà, àwọn mìíràn láti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ nílé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ àwọn kan níwèé, Faransé ni wọ́n fi kọ́ àwọn yòókù.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ni, ká sọ pé ní nǹkan bí ọdún 2006, méjì nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ jọ yá ṣọ́ọ̀bù kan ní Sibang. Ọ̀kan jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́. Èkejì, tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, jẹ́ ará Kétu. Oníkálùkù ní kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tirẹ̀. Inú ti ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àkọsílẹ̀ ọjà tí wọ́n kó wọlé wà. Inú ti ará Kétu ni àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn oníbàárà wà. Wọ́n fẹ́ so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè ṣírò èrè ọdún, kí wọ́n sì pín in. Ará Kétu ra wáyà, ó ki orí kan bọ ẹ̀rọ tirẹ̀, ó ki orí kejì bọ ti ẹnìkejì. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yín ni kò dáhùn.”

“Àbúrò, láti àárọ̀ ni tèmi ti ń ṣiṣẹ́. Lọ wo tìrẹ.”

Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó purọ́. Oníkálùkù sọ ohun tó rí láti ibi tó jókòó sí. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀rọ̀ owó ni, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀rọ tètè di ìfura láàárín ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé àbúrò kò fẹ́ kí òun rí ìwé gbèsè náà ni. Àbúrò lè máa rò ó pé ọjà tó wọlé ju èyí tí wọ́n fi han òun lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àjọṣe ọlọ́jọ́ pípẹ́ ṣe ń bàjẹ́ lórí ohun tí kò ju wáyà lọ. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ní ọdún 2002 ni okùn abẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ilẹ̀ Potogí títí dé Gúúsù Áfíríkà, ó sì yà ní Cotonou, ní Èkó àti ní Libreville. Ọ̀rọ̀ lè ti Èkó dé Gabon lábẹ́ omi, síbẹ̀ kí ẹ̀rọ méjì tó wà lórí tábìlì kan náà má gbọ́ ara wọn. Ìsúnmọ́ra nìkan kò tó fún àgbọ́yé.

Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní ètò tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Wọ́n á kọ́kọ́ wo iná kékeré tó wà ní ojúhò tí wáyà wọ̀, bóyá ó tàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lo àṣẹ kan tó ń jẹ́ ping. Ará Amẹ́ríkà kan, Mike Muuss, ni ó kọ ọ́ ní oṣù kejìlá ọdún 1983, ó sì fi ìró tí ọkọ̀ abẹ́ omi fi ń mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ẹ̀rọ kan pe òmíràn kí ó sì retí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ètò tí a fi ń pè é ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ pe 127.0.0.1, àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan fi ń pe ara rẹ̀. Bí ó bá dá ara rẹ̀ lóhùn, á pe àdírẹ́sì tí wọ́n fún un. Lẹ́yìn èyí ni á tó pe ẹnìkejì.

Ẹ̀kọ́ ìwà tó wà níhìn-ín kò fara sin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í pe ara rẹ̀ wò kí ó tó fẹ̀sùn kan ẹlòmíràn pé kò dáhùn. Ẹni tí kò tíì dán ara rẹ̀ wò kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ẹnìkejì ni kò gbọ́, nítorí ó lè jẹ́ pé òun gan-an ni kò sọ̀rọ̀ jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìmọ̀ pẹ̀lú. Nínú ìwé tí Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀ gbé jáde ní ọdún 1986, wọ́n ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí àwọn oníṣègùn Yorùbá fi hàn wọ́n láàárín ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́. Ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tó sì yé e, ni ó lè sọ pé òun mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un, tí ó gbà, tí ó sì gbọ́, ìgbàgbọ́ ni, títí ìdánwò yóò fi fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Tí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọ̀rọ̀ àwọn onísọ́ọ̀bù méjì náà, a ó rí ibi tí wọ́n ti ṣìnà. “Wáyà náà dára” jẹ́ ìgbàgbọ́, nítorí ẹni tó tà á ló sọ bẹ́ẹ̀. “Láti àárọ̀ ni tèmi ti ń ṣiṣẹ́” jẹ́ ìmọ̀ nípa pé ẹ̀rọ náà ń kọ̀wé. Kì í ṣe ìmọ̀ pé ó ń gbọ́ràn láti ojúhò wáyà. Ìjà wọn bẹ̀rẹ̀ níbi tí oníkálùkù ti pe ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní ìmọ̀.

Ìdí nìyí tí òfin kejì nínú iṣẹ́ náà fi jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì dán an wò kí a tó fọwọ́ kan òmíràn. Ẹni tó pààrọ̀ wáyà, tó yí àdírẹ́sì padà, tó sì tún ẹ̀rọ tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè rí ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tó wo àrùn náà. Bí ó bá tún dé lọ́la, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹnu Sí Ẹnu, Etí Sí Etí

Ká sọ pé ẹ̀rọ méjèèjì dá ara wọn lóhùn, síbẹ̀ iná ojúhò kò tàn. Kí ni ó kù? Okùn tó wà láàárín ni. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ ni ó wà nínú wáyà yìí. Lára káàdì àtijọ́, méjì nínú wọn, ìyẹn èkínní àti èkejì, ni ẹ̀rọ fi ń sọ̀rọ̀. Ìkẹta àti ìkẹfà ni ó fi ń gbọ́. Wáyà tí wọ́n ń tà lọ́jà jù ni èyí tó lọ tààrà, tó so èkínní mọ́ èkínní, tó so ìkẹta mọ́ ìkẹta. Irú èyí dára bí àpótí ìpínlà bá wà láàárín, nítorí àpótí náà ni yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀kan tí yóò gbé e sétí èkejì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ ni, ẹnu á kọjú sí ẹnu, etí á kọjú sí etí. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì ń tẹ́tí, kò sì sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan. Wáyà tí wọ́n gbé okùn inú rẹ̀ dábùú ara wọn ni ó lè so wọ́n pọ̀, èyí tó gbé èkínní lọ bá ìkẹta, tó gbé èkejì lọ bá ìkẹfà.

Ibi yìí ni ó yẹ kí onírònú dúró sí díẹ̀. Níbo ni àléébù yìí wà? Kò sí lára ẹ̀rọ ará Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí lára ti ará Kétu. Kò tilẹ̀ sí lára wáyà, nítorí wáyà náà yóò ṣiṣẹ́ dáadáa níbòmíràn. Bí wọ́n ṣe kọjú sí ara wọn ni kò bá iṣẹ́ náà mu. Ẹni tó bá gbà pé dandan ni kí àléébù wà lára ẹnìkan kò ní rí èyí láéláé, nítorí ọ̀dọ̀ ènìyàn ni yóò máa wá ohun tó wà ní àárín ènìyàn. Ìjà ẹbí, ti ẹgbẹ́ àti ti ìlú tó rí báyìí kò níye: gbogbo ènìyàn ń pa òfin mọ́, gbogbo ẹnu ń sọ̀rọ̀, kò sí etí tó kọjú sí i.

Àwọn tó ṣe káàdì tuntun ti wá ojútùú sí ìṣòro yìí. Ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀rọ òde òní tó ní ojúhò wáyà lè mọ̀ fúnra wọn pé ẹnu kọjú sí ẹnu, kí ọ̀kan sì yí padà. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu á tún bá ẹnu pàdé, bí ẹni méjì tó pàdé lójú ọ̀nà tóóró tí àwọn méjèèjì sì jọ yà sápá kan náà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣètò pé kí àsìkò tí oníkálùkù fi ń dúró kí ó tó yí padà má ṣe bára dọ́gba. Jon Postel, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ òfin íntánẹ́ẹ̀tì, ti fi ìlànà kan lélẹ̀ ní ọdún 1980 tó bá èyí mu: kí ẹ̀rọ ṣọ́ra gan-an nípa ohun tó ń fi ránṣẹ́, kí ó sì ní àmúmọ́ra nípa ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Yorùbá ti ń fi irú ìmọ̀ràn yìí kọ́ ọmọ kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Ẹni Méjì Tí Wọ́n Jọ Tọ̀nà

Ká tún sọ pé wọ́n ti rí wáyà tó yẹ, iná sì ti tàn. Ìṣòro mìíràn lè dìde ní ti àdírẹ́sì. Bí ọ̀kan bá ń jẹ́ 192.168.0.1, tí èkejì ń jẹ́ 169.254 àti nọ́ńbà mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò ní bára wọn sọ̀rọ̀, nítorí oníkálùkù ka ẹnìkejì sí ará òkèèrè. 169.254 ni àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ ń fún ara rẹ̀ nígbà tó bá ti wá ẹni tí yóò sọ ọ́ lórúkọ títí tí kò rí. Bí a bá fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ kí oníkálùkù sọ ara rẹ̀ lórúkọ báyìí, wọn yóò gbọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ó ń gba sùúrù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fa wáyà yọ kí àsìkò náà tó pé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àpẹẹrẹ tó jinlẹ̀ jù ni ti ọ̀rọ̀ aṣínà. Kíbọ́ọ̀dù àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn Faransé kò to lẹ́tà bákan náà. Ibi tí A wà lórí ti Gẹ̀ẹ́sì ni Q wà lórí ti Faransé. Ibi tí W wà ni Z wà. Ká sọ pé ọ̀rọ̀ aṣínà ẹ̀gbọ́n ni “awo”. Ó dé ìdí ẹ̀rọ àbúrò, ó tẹ̀ ẹ́ láìwo ìka rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ́ ọn lára, ohun tó sì wọlé ni “qzo”. Ojú ẹ̀rọ kò fi nǹkan kan hàn ju àmì tóótòòtó lọ. Ẹ̀gbọ́n lè búra pé òun kò ṣì í tẹ̀, òótọ́ ni yóò sì bú. Ẹ̀rọ sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà, òótọ́ ni òun náà sọ.

Ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ méjì àti fìlà Èṣù kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Èṣù gba àárín oko wọn kọjá pẹ̀lú fìlà tó ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Oníkálùkù sọ àwọ̀ tí ó rí, wọ́n sì jà títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn. Àṣìṣe àwọn ọ̀rẹ́ náà kò sí nínú ohun tí wọ́n rí. Ó wà nínú bí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ṣe dìde kí ó lọ dúró níbi tí ẹnìkejì dúró sí. Bákan náà ni ní Sibang: ẹni tó bá wo ìka ẹ̀gbọ́n lórí kíbọ́ọ̀dù àbúrò yóò rí i pé ilé ìwé àti ìjọba tó pín Yorùbá sí méjì ni ó wà lábẹ́ ìka náà.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Kì Í Ṣe Àìsí

Nígbà mìíràn, ohun gbogbo a tọ́, síbẹ̀ ping kò ní rí ìdáhùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2004, Microsoft ṣe àtúnṣe kan sí Windows XP tó mú kí ọgbà ààbò tí wọ́n ń pè ní firewall máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọgbà yìí lè gbọ́ ìpè kí ó má sì dáhùn. Ẹni tó ń pè yóò rò pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ àṣẹ arp -a, ó lè rí nọ́ńbà tí wọ́n fi dá káàdì ẹnìkejì mọ̀. Ẹni tí kò dáhùn wà nílé. Ó kàn ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ni.

Ọ̀tọ̀ ni kí ọ̀nà má sí, ọ̀tọ̀ ni kí onílé má ṣílẹ̀kùn, ọ̀tọ̀ sì ni kí onílé má sí nílé. Ẹni tó bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìwà àfojúdi kò ṣe ìdájọ́ òdodo. Síwájú sí i, onílé ní ẹ̀tọ́ láti ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á pa ọgbà ààbò náà pátápátá, wọ́n á sì gbàgbé láti dá a padà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Èyí tó tọ́ ni kí a ṣí ojú kan ṣoṣo fún ẹni tí a mọ̀, fún iṣẹ́ tí a mọ̀, kí a sì fi ìyókù sílẹ̀ ní títì. Ìbáṣepọ̀ kò béèrè pé kí ènìyàn máa gbé ní ìhòòhò.

Ìgbà Tí Ẹ̀bi Wà Lóòótọ́

Ẹnìkan lè takò èrò yìí, kí ó ní ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò ní ìwà, kò lè mọ̀ọ́mọ̀ kọ ìpè, ṣùgbọ́n ènìyàn lè gé wáyà ní òru kí ó sì wá bá ni wá a ní ọ̀sán. Bí a bá ń fi gbogbo ìgbà wá àléébù, ṣé a kò ní sọ ìkà di ẹni tí a ń bá kẹ́dùn? Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò sì yẹ kí a fojú fò ó. Bí àbúrò bá ti pa ìwé gbèsè rẹ́ ní tòótọ́, wíwo wáyà kò ní sọ ọ́ di aláìlẹ́bi. Ṣùgbọ́n wíwá àléébù kì í ṣe ààbò fún ìkà. Ìgbà tí a bá ti yẹ ara ẹni, wáyà, àdírẹ́sì àti ìlẹ̀kùn wò, tí gbogbo wọn sì mọ́, ni ẹ̀bi ẹlẹ́bi tó lè hàn láìsí iyèméjì. Ẹni tó fi ìbínú bẹ̀rẹ̀ ni kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti aládùúgbò olè.

Ìtàn Gabon àti Benin fi èyí hàn. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun àgbàṣe tí Bob Denard ṣáájú balẹ̀ sí Cotonou láti gba ìjọba lọ́wọ́ Mathieu Kérékou, ṣùgbọ́n wọn kò rí i ṣe. Ẹ̀bi wà níbẹ̀, nítorí ènìyàn ló pète rẹ̀. Ìjọba Benin fẹ̀sùn kan Gabon pé ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1978, aáwọ̀ Kérékou àti Omar Bongo, ààrẹ Gabon, le débi pé Gabon lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Àwọn tí wọ́n lé kọ́ ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tó dun Libreville, wọn kò sì rán ọmọ ogun sí Cotonou. Àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ wà lára irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, àwọn tí owó, ìròyìn àti ọmọ ń ti ọwọ́ wọn kọjá láti ìlú kan sí èkejì. Àwọn ni wáyà. Nígbà tí orí méjì kò gbọ́ ara wọn, okùn tó so wọ́n pọ̀ ni wọ́n já.

Kì í ṣe Gabon nìkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gba ìwé tàbí kí wọ́n jáde, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sì fi ọjà àti ilé sílẹ̀ sá wá sílé. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, àwọn ọmọ Ghana sì pọ̀ nínú wọn. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ìṣòro tó ní orísun púpọ̀ wà nílé, ọ̀rọ̀ ajé sì wà nínú rẹ̀. Wọn kò fi sùúrù pe ara wọn wò kí wọ́n tó na ìka sí àjèjì. Ilé tí ó yẹ kí a ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde ni wọ́n fò dá.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìbéèrè “ta ni ó jẹ̀bi?” kì í ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́. Àkọ́kọ́ ni “ǹjẹ́ èmi gan-an ń sọ̀rọ̀ jáde?” Èkejì ni “kí ni ó wà láàárín wa, báwo ni a sì ṣe kọjú sí ara wa?” Ìkẹta ni “ibo ni ẹnìkejì dúró sí tí ohun tí ó rí fi yàtọ̀ sí tèmi?” Ìkẹrin ni “ṣé kò sí ni, àbí ó ti ìlẹ̀kùn, kí sì ni ó ń bẹ̀rù?” Ẹni tó bá ti dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó tó ẹni tí í dá ẹjọ́.

Wáyà tí wọ́n gbé okùn rẹ̀ dábùú ti ń di ohun àtijọ́. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká òde òní kò tilẹ̀ ní ojúhò wáyà mọ́. Ṣùgbọ́n àìgbọ́ra-ẹni-yé kò tíì di ohun àtijọ́, ní Sibang, ní Kétu àti ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí àwọn onísọ́ọ̀bù méjì náà bá tẹ̀ lé ètò yìí, ó lè gbà wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ kan gbáko. Bí wọn kò bá tẹ̀ lé e, ó lè gba àjọṣe wọn. Sùúrù ni baba ìwà, òun náà sì ni àgbà nínú irinṣẹ́ ẹni tó ń wá àléébù.